Ẹ̀rín Tí Mo Gbà Lẹ́nu Màmá Àgbà

Ní ilé wa ní Canarsie, ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ Sátidé ni ariwo máa ń di èèwọ̀. Iṣẹ́ sẹkúríǹtì alẹ́ ni Dádì ń ṣe nínú ilé gogoro kan ní Manhattan, nígbà tó bá sì fi wọ tíréènì dé ilé láàárọ̀ Sátidé, ojú rẹ̀ á ti pọ́n. Á jẹ búrẹ́dì àti ẹyin tí Mọ́mì dé mọ́lẹ̀ fún un, á wọ yàrá, kò sì ní pẹ́ tí a ó fi máa gbọ́ bó ṣe ń hanrun. Láti ìgbà náà di ìrọ̀lẹ́, ìka ẹsẹ̀ la fi ń rìn. Mọ́mì á máa fọ abọ́ bí ẹni tó ń jí i gbé. Ohun tí à ń gbọ́ kò ju páìpù hítà tó ń mí súù lábẹ́ fèrèsé, àti àwọn bàálù tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí pápákọ̀, tí wọ́n máa ń fò kọjá lórí òrùlé wa títí ife á fi máa gbọ̀n lórí tábìlì. Àwọn bàálù yẹn nìkan ni kò bẹ̀rù Dádì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi ìgbálẹ̀ ọwọ́ gbá ilé, kí n ṣa ẹ̀wà, kí n sì jókòó ti Màmá Àgbà kó má baà rẹ́rìn-ín.

Màmá Àgbà ni ìyá tó bí Dádì. Abẹ́òkúta ló ti wá bá wa lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Dádì ló mú un wá kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un, nítorí ojú rẹ̀ méjèèjì ti ń ṣú. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì kúrò, ó ní òun kò mọ̀ pé àwọ̀ pọ̀ tó báyìí láyé, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti fẹ́ kí ohun tó ṣeé wò kankan kọjá òun. Á wo ọ̀kẹ́rẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa, á wo ọkùnrin tó ń fi lẹ́tà sínú àpótí, gbogbo rẹ̀ ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀rín kékeré. Èjìká rẹ̀ á kọ́kọ́ máa mì, á fi ọwọ́ gbá itan, á dákẹ́ bí ẹni tí èémí há mọ́ láyà, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín á wá bú jáde, á gòkè lọ, á tún padà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Dádì sọ fún wa pé nígbà tí òun wà ní kékeré, bí ìyá òun bá rẹ́rìn-ín nínú ilé, àwọn tó wà ní ojúlé kẹta á ti máa rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Canarsie, kò ní tíì bú jáde tán tí Mọ́mì á ti yọjú láti kíṣìnì.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ yín ń sùn. Double shift ló ní lọ́la.”

“Má bínú, ìyàwó mi. Mo ti gbé e mì.”

Kò gbé e mì. Á fi ọwọ́ bo ẹnu, á gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, á lọ rẹ́rìn-ín ìyókù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn garawa pàǹtí. Èmi á dúró lójú fèrèsé, n kò ní wo òun, ilé kejì ni n ó máa wò, bóyá ẹnì kan ń rí i. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ nípa ara mi nìyẹn kí n tó sọ èyí tó burú jù ú lọ. Ojú ń tì mí nítorí ìyá bàbá mi. Orúkọ tí Mọ́mì sọ mí ni Rónkẹ́, ṣùgbọ́n ní ilé-ìwé, Ronnie ni mo ní kí wọ́n máa pè mí, mo sì ti sọ fún wọn pé erékùṣù kan ni àwọn òbí mi ti wá, n kò dárúkọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi mí.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni Mọ́mì ń ṣe. Arúgbó tí wọ́n fún un lọ́dún náà ni Màmá Kaméla, ará Ítálì kan tó ń dá gbé ní òpópónà kẹta sí tiwa. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti kó lọ sí New Jersey. Àwọn ará Ítálì ló kún àdúgbò wa tẹ́lẹ̀, bí àwa ṣe ń wọlé ni wọ́n sì ń kó jáde, ṣùgbọ́n Màmá Kaméla ní òun kò lè fi igi ọ̀pọ̀tọ́ òun sílẹ̀ lọ síbì kan. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni igi náà wà. Tí òtútù bá ti dé, á fi tapólì àti aṣọ ògbólógbòó wé e láti òkè délẹ̀. Lọ́jọ́ tí Màmá Àgbà kọ́kọ́ bá Mọ́mì lọ kí i, ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí igi tí wọ́n wọ̀ ní kóòtù, ẹ̀rín sì gbé e. Màmá Kaméla kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí òun náà fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn, tí ẹnì kan kò gbọ́ èdè ẹnìkejì. Wọ́n fi ìka ka ọjọ́ orí wọn fún ara wọn, Màmá Àgbà sì fi ọdún márùn-ún ju ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni Màmá Kaméla ti máa ń dìde fún un lórí àga tó dára jù, èyí tí ó fi ọ̀rá bò kó má baà dọ̀tí. Mọ́mì náà fi ọ̀rá bo tiwa.

Mọ́mì kì í lọ síbi iṣẹ́ ní Sátidé, nítorí náà èmi àti Màmá Àgbà la máa ń lọ lọ́sàn-án. Fíìmù la ń lọ wò. Ọkọ Màmá Kaméla fi àpótí kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan sílẹ̀, fíìmù Ítálì ayé àtijọ́ ló kún inú rẹ̀, dúdú àti funfun, fíìmù ìfẹ́ tó ń pani lẹ́rìn-ín, tí wọ́n ṣe nígbà tí ogun ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Èdè Ítálì ni àwọn òṣèré ń sọ, wọ́n á sì kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀. Èmi ni mò ń ka Gẹ̀ẹ́sì náà tí mò ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Yorùbá mi nígbà náà tẹ́ pẹrẹsẹ, Màmá Àgbà a sì máa ní mò ń sọ̀rọ̀ bí òyìnbó míṣọ́nnárì. Tí àwọn olùfẹ́ bá fẹnu konu, n ó ní, “Wọ́n ń kí ara wọn.” Màmá Àgbà á ní, “Mo rí i. Ìkíni yẹn gùn díẹ̀.”

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú àpótí náà ni ti ọmọkùnrin kan tó ń ta omi dídì. Àwọn tálákà kò tíì ní fíríìjì nígbà náà, òun ló ń gbé ìṣù omi dídì káàkiri ojúlé. Ọmọbìnrin alágbàfọ̀ kan ń gbé ní àjà karùn-ún, lókè pátápátá. Ọmọkùnrin yìí á gbé ẹrù rẹ̀ sí èjìká, á máa gun àtẹ̀gùn, àwọn aládùúgbò á máa yọrí ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láti bi í bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Tó bá dókè, ọmọbìnrin náà á ní, “A ò fẹ́ lónìí.” Á tún gbé e sọ̀kalẹ̀. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, ìjà dé. Ọmọbìnrin náà bú u, òun náà bú u padà, ìyá ọmọ jáde tòun ti bàtà lọ́wọ́, gbogbo ilé dá sí i, àwọn kan ń gbè sẹ́yìn ọkùnrin, àwọn kan ń gbè sẹ́yìn obìnrin. Ní gbogbo àkókò yìí, omi dídì ń yọ́ lórí èjìká rẹ̀, ó ń ṣàn gba àtẹ̀gùn lọ, àwọn ará ìsàlẹ̀ sì ń gbé garawa jáde láti gbà á. Nígbà tí ọmọbìnrin náà fi máa gbà pé òun fẹ́ rà, èyí tó kù kò ju ẹyin adìyẹ lọ. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sẹ́nu, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni Màmá Àgbà máa ń kú sí. Á rẹ́rìn-ín títí gèlè á fi tú, Màmá Kaméla á sì yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn kí wọ́n tún un wò.

Láìpẹ́ yìí ni mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo irú àwọn fíìmù yẹn, lórí fóònù nínú tíréènì, nígbà tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Mo ti dàgbà tó láti mọ ohun tó dùn nínú wọn. Nínú wọn, ìjà ni ìfẹ́ máa ń gbà wọlé. Ẹni tó bá ń bú ọ lójoojúmọ́ ti ronú nípa rẹ kó tó jí. Kò sí ẹni tó lọ́rọ̀, kò sì sí ẹni tó ní àṣírí, nítorí gbogbo àdúgbò ló wà lójú fèrèsé. Tí o bá wo ẹ̀yìn àwọn olùfẹ́ méjèèjì dáadáa, wàá rí ògiri tí bọ́ǹbù ti fọ́, wàá rí ọmọ tí bàtà rẹ̀ kò bára mu, àwọn kan sì ń kọrin níbẹ̀ tí wọ́n ń sá aṣọ. Màmá Àgbà ti rí gbogbo èyí kí n tó mọ̀ ọ́n kà. “Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe òyìnbó,” ló máa ń sọ. “Òyìnbó wo ló ń fi ẹnu sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ báyìí? Ilé wa nìyí.” Màmá Kaméla sọ̀rọ̀ fún wa ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ gígùn, pé ọ̀dọ́mọbìnrin ni òun nígbà tí ogun parí, pé òrùlé ilé wọn ti ṣí, pé tí ìyá òun bá ti pín búrẹ́dì tán, tí kò yó ẹnikẹ́ni, gbogbo ilé á dìde, wọn á lọ wo fíìmù, nítorí ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín kì í gbọ́ igbe ikùn ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó ní kí n sọ ọ́ fún Màmá Àgbà. Ohun tí mo sọ ni pé, “Ó ní ogun jà níbẹ̀.” Màmá Àgbà mi orí. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò bi mí.

Ibẹ̀ ni ibi kan ṣoṣo ní gbogbo Amẹ́ríkà tí ẹnì kankan kì í ti í sọ fún Màmá Àgbà pé kó dákẹ́. Mo mọ èyí. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n, nítorí náà n kò lè sọ pé àìmọ̀kan ni ohun tí mo ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń jẹ́ Kíṣà. Gbogbo Sátidé ni ìyá rẹ̀ máa ń fi ọkọ̀ kó àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wa lọ sí gbọ̀ngàn ìṣeré kan tí wọ́n ti ń wọ bàtà onítáyà sáré yípo. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni wọ́n á máa sọ, èmi á sì jókòó bí àlejò. Mo bẹ Mọ́mì, Mọ́mì ní, “And who will take Màmá? Ṣé wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni?” Lọ́jọ́ Sátidé kan tí oòrùn ti ń mú, tí Màmá Kaméla ti ṣí gbogbo fèrèsé, ó rán mi pé kí n lọ ra mílíìkì wá. Bí mo ṣe ń padà bọ̀, mo pàdé Kíṣà àti àwọn ọmọbìnrin méjì lórí kẹ̀kẹ́, níwájú ilé náà gan-an. Wọ́n dúró kí mi. Bí a ṣe dúró, ẹ̀rín Màmá Àgbà bú jáde láti ojú fèrèsé, ó gòkè, ó padà, ó tún gòkè.

“Kí nìyẹn?” ni Kíṣà wí. “Ta ló wà nínú ilé yẹn? Ṣé orí rẹ̀ pé?”

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Mo ní arúgbó kan ni ìyá mi ń tọ́jú níbẹ̀, bóyá òun ni. Àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sín ẹ̀rín náà jẹ, ìkan ń ṣe é bí adìyẹ, ìkan ń ṣe é bí mọ́tò tí kò fẹ́ ṣíná. Wọn kò ṣe é dáadáa. Èmi ni mo fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo mi èjìká, mo gbá itan, mo dákẹ́ díẹ̀, mo wá bú u jáde. Èmi ni mo ṣe é jù, nítorí èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí kẹ̀kẹ́. Inú mi dùn. Ohun tó ń dójú tì mí jù títí dòní nìyẹn, pé inú mi dùn níbẹ̀, tí mo di mílíìkì mú lọ́wọ́.

Nígbà tí à ń jáde lọ́jọ́ náà, Màmá Kaméla dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ Màmá Àgbà mú, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí n sọ fún un pé ní Sátidé tó ń bọ̀, òun á se ọbẹ̀ tòmátì tí ó fẹ́ràn. A sọ̀kalẹ̀ sí títì. Màmá Àgbà bi mí ohun tí ọ̀rẹ́ òun wí. N kò ronú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kàn jáde lẹ́nu mi ni.

“Ó ní ẹ̀rín yín ti ń pọ̀ jù. Ó ní orí ń fọ́ òun. Ó ní ká má wá mọ́ ná.”

Màmá Àgbà dúró. Ó wo ẹ̀yìn, Màmá Kaméla ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń juwọ́ sí wa. “Ó wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ báyìí?” ó bi mí.

“Ìwà òyìnbó nìyẹn, mà. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn.”

Ó gbà mí gbọ́. Kí ló fẹ́ fi já mi nírọ́? Ó rìn díẹ̀, ó ní, “Má sọ fún ìyá ẹ o. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kí wọ́n má lọ torí tèmi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Irọ́ mi rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí gbogbo ènìyàn ló bá mi tì í lẹ́yìn láìmọ̀. Mo sáré lọ sọ fún Màmá Kaméla pé orúnkún ń dun Màmá Àgbà. Màmá Àgbà fúnra rẹ̀, kí Mọ́mì má baà fura, sọ fún Mọ́mì pé orúnkún ń dun òun. Nígbà tí Màmá Kaméla béèrè orúnkún lọ́wọ́ Mọ́mì, Mọ́mì dúpẹ́, ó sì ra òróró ìpara wálé. Sátidé márùn-ún ni mo fi bá Kíṣà lọ sáré yípo. Mo ṣubú dáadáa, mo rẹ́rìn-ín, mo jẹ písà. Màmá Àgbà ń jókòó sílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà tó ti tutù, ó ń fi òróró pa orúnkún tí kò dùn ún. Ilé wa wá dákẹ́ ní Sátidé, ìdákẹ́jẹ́ gidi, tí Dádì fi jí lọ́jọ́ kan tó ní, “Ṣé ẹ wà nílé?”

Ní Sátidé kẹfà, Màmá Àgbà jí, ó rẹ ẹ̀wà, ó bó o, ó lọ̀ ọ́, ó se mọ́ínmọ́ín sínú agolo bí Mọ́mì ṣe kọ́ ọ nígbà tí kò rí ewé. Ó wọ ìró àti bùbá tó máa ń wọ̀ lọ sí ìsìn, ó ní kí n wọ bàtà mi.

“A fẹ́ lọ bẹ ọ̀rẹ́ mi,” ó wí. “Mo ti rò ó títí. Mo ṣẹ̀ ẹ́ nínú ilé rẹ̀, n kò sì padà lọ tọrọ àforíjì. Ìyẹn ni kò dáa. Ìwọ ni wàá bá mi gbé ọ̀rọ̀ náà.”

Mo ní ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ sí Màmá Kaméla, pé àgbà kì í lọ bẹ àbúrò. Ó ní ilé onílé ni, kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà ni mò ń gbàdúrà pé kí arúgbó náà má sí nílé, bẹ́ẹ̀ arúgbó náà kì í lọ ibì kankan.

Màmá Kaméla ṣí ilẹ̀kùn. Kó tó lè sọ̀rọ̀, Màmá Àgbà ti fa ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó fi ọwọ́ kan mú irin àtẹ̀gùn, ó sì kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, òun tó fi ọdún márùn-ún jù ú. Ó ní, “Sọ fún un pé kó foríjì mí. Ẹ̀rín mi ló pọ̀ jù. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé n kò ní rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú ilé rẹ̀.” Màmá Kaméla ti di apá rẹ̀ mú, ó ń gbìyànjú láti gbé e dìde, òun náà ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti Ítálì pọ̀ fún mi. Ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe orúnkún. Ó ní òun mọ̀ pé ẹni Ọlọ́run ni Màmá Àgbà, bóyá ìfẹnukonu inú fíìmù ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, bóyá kọfí òun ló le jù, kí n jọ̀ọ́ kí n sọ fún un pé kó má bínú. Ìyá méjì, ọ̀kan wà nílẹ̀, ọ̀kan dúró, wọ́n ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn lórí ohun tí kò sí ẹni tó ṣe é nínú wọn, wọ́n sì jọ ń wo ẹnu mi.

Nínú àwọn fíìmù yẹn, ibi tí ọ̀rọ̀ bá dé báyìí ni ẹni tó da nǹkan rú á ti jẹ́wọ́. Wọ́n á fa etí rẹ̀, ìyá kan á fi bàtà lé e yípo kànga, gbogbo àdúgbò á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbé tábìlì gígùn jáde láti jọ jẹun. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún mi gbayawu. Bóyá wọ́n ì bá nà mí. Bóyá Màmá Àgbà ì bá rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún Màmá Kaméla pé, “Ó ní àárò yín sọ òun.” Mo sọ fún Màmá Àgbà pé, “Ó ní ó ti tán, mà. Ó ní òun ti foríjì yín.” Màmá Àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n dì mọ́ ara wọn, a sì wọlé jẹ mọ́ínmọ́ín.

Màmá Àgbà padà sí Abẹ́òkúta nígbà tí òtútù tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó lo ọdún mẹ́sàn-án sí i láyé. Lórí fóònù, kì í fi mí sílẹ̀ láìbèèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀, kódà lẹ́yìn tí ọmọbìnrin Màmá Kaméla ti wá kó o lọ sí New Jersey, tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Á ní ènìyàn rere ni, pé ẹlòmíì kì bá tí foríjini bọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ní lónìí ni n ó sọ ọ́, tí n ó sì gbé fóònù fún Dádì. Nígbà tó kú, Dádì ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa rẹ̀ níbi ìsìn ìrántí, mo sì sọ̀rọ̀ nípa ojú rẹ̀ tó là. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ìjọ wa ní kí n wá ṣe ògbufọ̀ fún àlejò oníwàásù kan láti ilé. Mo kọ̀. Wọ́n rò pé Yorùbá mi ni kò tó, mo sì jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Yorùbá mi tó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ tó kúnlẹ̀ ló máa ń jí mi. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni. Màmá Kaméla gbé fíìmù olómi dídì sí i láti fi yọ̀ pé a ti padà. Ọmọkùnrin náà gun àtẹ̀gùn, ìjà dé, omi ń ṣàn, àwọn garawa jáde. Mo wo Màmá Àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èjìká rẹ̀ ti ń mì. Ó ká etí ìró rẹ̀ ṣù, ó tì í bọ ẹnu, ó fi eyín dì í mú, omi ń ṣàn lójú rẹ̀ lọ sí ọrùn, ohùn kankan kò jáde. Ó wo Màmá Kaméla fìrí, bí ọmọ ilé-ìwé tó ń wo tíṣà, láti mọ̀ bóyá ó gbọ́. Màmá Kaméla na ọwọ́, ó dá kásẹ́ẹ̀tì dúró.

“Bi í léèrè fún mi,” ó sọ fún mi, “ṣé kò dùn mọ́ ọn mọ́ ni? Mo ti wo fíìmù yìí láìmọye ìgbà. Tẹlifíṣọ̀n kọ́ ni mò ń wò. Òun ni mò ń wò. Tórí ẹ̀rín rẹ̀ ni mo ṣe ń gbé e sí i. Sọ fún un bẹ́ẹ̀ gan-an.”

Màmá Àgbà ti yọ aṣọ kúrò lẹ́nu. Ó ń wo ojú mi, ẹ̀rù ń bà á. “Kí ló wí? Ṣé ó tún gbọ́ mi ni?”

“Rárá, mà,” mo ní. “Ó ní ṣé kí òun bu kọfí sí i fún yín.”